Owó Iná, Owó Omi, Owó Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Bí wọ́n bá ní ìjọba Amẹ́ríkà fún onímọ̀ kan lówó ìwádìí, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé àpò onítọ̀hún lowó wọ̀. Rárá o. Yunifásítì rẹ̀ ló ń gbà á, òun náà ló ń tọ́jú ìwé ìnáwó. Yunifásítì á sì tún gba owó mìíràn lé e: ti iná, ti omi, ti àwọn tó ń gbálẹ̀, ti akọ̀wé tó ń ṣírò.

Ẹ̀tọ́ ni, àbí ta ni kó san owó iná? Lọ́dún 1947, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti la ìlànà kalẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣírò rẹ̀. Nígbà tó yá, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń bá ìjọba dúnàádúrà iye tí yóò gbà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ní Stanford, ní Califóníà, iye yìí ti di dọ́là 74 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là owó ìwádìí nígbà tó fi di 1990. Àwọn tó kọ́kọ́ figbe ta ni àwọn onímọ̀ Stanford fúnra wọn, torí iṣẹ́ wọn ń wọ́n ju ti ẹlẹgbẹ́ wọn níbòmíràn lọ. Paul Biddle, tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi fi ṣọ́ àdéhùn yunifásítì náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé wò.

Ohun tó jáde kì í ṣe kékeré! Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kan wà nínú ìṣirò, tòun ti òdòdó ilé ọ̀gá àgbà, aṣọ ibùsùn, àti kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ láti Ítálì tí wọ́n rà ní 1,200 dọ́là. Stanford ní àṣìṣe akọ̀wé ni ti ọkọ̀ náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní oṣù kẹta 1991, aṣòfin John Dingell pe ọ̀gá àgbà, Donald Kennedy, kó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Kó tó di oṣù kẹjọ, Kennedy ti kéde pé òun yóò fipò sílẹ̀.

Lọ́dún 1994, Stanford san mílíọ̀nù 1.2 dọ́là láti fi parí ọ̀rọ̀ náà, ìjọba sì gbà pé kò sí jìbìtì níbẹ̀. Àmọ́ láti 1991 ni ìjọba ti fi gbèdéke sí owó tí yunifásítì lè gbà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì: kò gbọdọ̀ ju ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òfin yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀.