Àjẹsára, Àrùn Ìgbà Èwe àti Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé

Ní ọdún 1969, dókítà ará Faransé kan, Georges Mathé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Villejuif lẹ́bàá Paris, gbé àbájáde kan jáde tí àwọn oníṣègùn káàkiri sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Aláìsàn 30 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí oògùn ti mú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ wọn rọlẹ̀. Ó fún 20 nínú wọn ní abẹ́rẹ́ BCG tí a fi ń dènà ikọ́ ife, tàbí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a ti pa agbára rẹ̀, tàbí méjèèjì. Kò fún àwọn 10 yòókù. Àrùn náà padà sára gbogbo àwọn 10 yìí, ṣùgbọ́n ara àwọn kan nínú àwọn tó gbà á dá fún ìgbà pípẹ́.

Ọdún tó tẹ̀lé e, Davignon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Quebec, ní Kánádà, kéde pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kò pa àwọn ọmọ tó gba BCG tó bó ṣe ń pa àwọn tí kò gbà á. Ìrètí ru sókè. Kò pẹ́ tó fi rọlẹ̀. Ní 1971, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún irú ìdánwò Mathé ṣe, BCG kò sì ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, George Comstock ní Amẹ́ríkà wo àkọsílẹ̀ ìdánwò BCG tó ti wáyé tẹ́lẹ̀, kò sì rí ààbò kankan níbẹ̀. Ní tèmi, àléébù iṣẹ́ Quebec hàn gbangba: òbí tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ lè yàtọ̀ sí èyí tí kò gbé tirẹ̀ lọ, ní owó, ní ilé àti ní ìtọ́jú. A kò lè sọ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló fa ìyàtọ̀.

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù ti ń ba àwọn ènìyàn láti 1983, nígbà tí ètò tẹlifíṣọ̀n kan fi hàn pé jẹjẹrẹ yìí pọ̀ lára àwọn ọmọ Seascale, abúlé tó wà nítòsí ilé iṣẹ́ núkílíà. Lọ́dún 1988 yẹn, olùwádìí Leo Kinlen sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn tí àwọn àlejò gbé wọ agbègbè àdádó ló ń fà á. Olùwádìí mìíràn, Mel Greaves ní London, wo ara ọmọ fúnra rẹ̀. Ó ní ọmọ tí kòkòrò àrùn kò kàn ní ọdún àkọ́kọ́ kì í ní ìdáàbòbò ara tó ti gba ẹ̀kọ́. Bí àrùn bá wá kàn án lẹ́yìn náà, ara lè ṣe àṣejù, kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sì ṣìnà.

Ohun tó fún èrò Greaves lágbára ni ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tí ilé ìwòsàn ń gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà yẹ̀ ẹ́ wò ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé àbàwọ́n àkọ́kọ́ nínú àbùdá ti wà lára ọ̀pọ̀ ọmọ kí wọ́n tó bí wọn. Bí ọmọ kan nínú 100 ló ní irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ gan-an nínú wọn ló ń di aláìsàn. Ohun kejì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ní 2005, ìwádìí ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àrùn náà dínkù lára àwọn ọmọ tó ń bá ọmọ ẹlòmíràn ṣeré ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún kan.

Ìbéèrè abẹ́rẹ́ wá padà: ṣé àjẹsára lè kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́ bí àrùn ṣe ń kọ́ ọ? Abẹ́rẹ́ Hib, tó ń dènà irú àrùn yírunyírun kan, ni wọ́n yẹ̀ wò jù. Ìwádìí kan ní California ní 2005 rí i pé àwọn tó gbà á ní ààbò díẹ̀. Ní Finland, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ kan ní kùtùkùtù tí wọ́n sì fi ti àwọn mìíràn falẹ̀ láàárín 1985 sí 1987, ìyàtọ̀ náà kéré débi pé èèṣì lásán lè fà á.

Nílẹ̀ wa, ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, jẹjẹrẹ Burkitt, tó máa ń wú ní páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ni àwọn dókítà rí lára ọmọdé jù ní àwọn ọdún 1960; jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ lára ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ní Yúróòpù ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ nígbà náà. Èyí bá èrò Greaves mu, nítorí kòkòrò àrùn tètè máa ń kan àwọn ọmọ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó dùn mí láti rántí pé ibà pa ọ̀pọ̀ ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nítorí náà iye tí a kọ sílẹ̀ lè kéré ju òtítọ́ lọ.

Àpapọ̀ ìwádìí wọ̀nyí kò fi hàn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí àrùn náà bá ti mú, tó sì ń gba oògùn rẹ̀, ni àwọn dókítà máa ń dá abẹ́rẹ́ tó ní kòkòrò ààyè nínú, bíi ti èèyi, dúró fún títí ara rẹ̀ yóò fi lókun. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe torí jẹjẹrẹ dá abẹ́rẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ le dúró.