Ta Ni Oníbodè Ẹnu Àdúgbò?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1817, Thomas Edward Bowdich, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ìlú Kùmásí pẹ̀lú ikọ̀ tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Cape Coast rán sí Asantehene Osei Bonsu. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí. Ó kọ̀wé nípa wúrà àti agbára ọba, bí àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà ti máa ń ṣe, àmọ́ ó tún ka òpópónà ìlú. Ó ní wọ́n jẹ́ 27. Ó ní gbogbo wọn ló ní orúkọ, àti pé ìjòyè ńlá kan ló ń mójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní àràárọ̀ ni wọ́n ń dáná sun pàǹtírí lẹ́yìn àwọn òpópónà náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjòyè yẹn. Òpópónà kan, orúkọ kan, ẹnì kan tó máa dáhùn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, aráàlú mọ ilé tí òun máa lọ kàn. Àwa ọmọ Yorùbá náà mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìlú wa olódi ní bodè, bodè kọ̀ọ̀kan sì ní oníbodè. Iṣẹ́ rẹ̀ kọjá kó gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò. Ó mọ ẹni tó wọlé, ó mọ ẹni tó jáde, ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Bí ewu bá gba ibẹ̀ wọ ìlú, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè.

Ó ti lé ní igba ọdún tí Bowdich ti lọ. Lónìí, ẹ dúró ní Kùmásí níbi tí ọ̀nà àdúgbò kan ti já sí títì ńlá: ní Tafo lójú ọ̀nà Mampong, ní Kwadaso lójú ọ̀nà Sunyani, tàbí ní Oforikrom lójú ọ̀nà Accra. Trotro máa ń dúró gan-an níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, nítorí ibẹ̀ ni èrò wà. Pragia, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìsọ̀ onípákó àti àtẹ ọlọ́jà ti dí igun, débi pé dẹ́rẹ́bà tó ń jáde kò lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ yọ imú ọkọ̀ rẹ̀ sójú títì. Gọ́tà kò ní ìdérí, nítorí náà orí ọ̀dà ni ọmọ iléèwé ń rìn. Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀ pé ibẹ̀ léwu. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ni oníbodè ibẹ̀. Ẹ ó gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ ẹnì kan.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ewu ẹnu àdúgbò kì í ṣe ẹ̀bi dẹ́rẹ́bà tó ń sá eré àsápajúdé nìkan. Ìtàn ló gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dáhùn fún un, tí kò sì fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun Kùmásí ní 1874. Wọ́n padà wá ní 1896, wọ́n mú Asantehene Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn, kò sì padà sílé títí di 1924. Láàárín ìgbà yẹn, àṣẹ lórí ọ̀nà ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn amúnisìn. Ọkọ̀ ojú irin dé Kùmásí láti Sekondi ní 1903. Ti Accra dé ní 1923. Nígbà tó fi máa di 1911, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast ti di aṣáájú nínú gbogbo àgbáyé nídìí kòkó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni lọ́rì wá gbòde, irú èyí tí àwa ń pè ní bọ́lẹ́kájà. Gómìnà Guggisberg, tó ṣèjọba láti 1919 sí 1927, fi ọ̀nà mọ́tò àti èbúté Takoradi ṣe iṣẹ́ tó ká a lára jù. Ọ̀nà ìgbà náà ní ibi tó ti ń bọ̀, ìyẹn oko kòkó, ó sì ní ibi tó ń lọ, ìyẹn èbúté. Àwọn tó ń gbé láàárín méjèèjì kò sí nínú ìṣirò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé aráàlú kàn ń wòran nígbà náà. Polly Hill, tó ṣèwádìí nípa àwọn àgbẹ̀ kòkó ní gúúsù Gánà, fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ tó kúrò ní Akuapem lọ dáko nílẹ̀ Akyem náwó tara wọn láti kọ́ afárá sórí odò Densu. Wọn ò jókòó de ìjọba. Ohun tí aráàlú ń ṣe lónìí lẹ́nu àdúgbò kì í ṣe àṣà tuntun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí ọ̀nà kàn ti ń tún un ṣe fúnra wọn.

Ọdún 1974 ló yẹ ká tún yà sí, nítorí ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn. Èkíní ni pé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, gbogbo ọkọ̀ ní Gánà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Nàìjíríà ti ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Apá ọ̀tún ni Togo, Côte d'Ivoire àti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Upper Volta nígbà náà ti ń rìn tẹ́lẹ̀, kò sì bójú mu kí dẹ́rẹ́bà máa pààrọ̀ apá ní gbogbo ẹnubodè. Operation Keep Right ni ìjọba pe ètò náà. Nifa, tó túmọ̀ sí ọ̀tún lédè Akan, di ọ̀rọ̀ ẹnu tọmọdé tàgbà. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà nìkan ló tún ẹ̀kọ́ kọ́. Ọmọ tó ti mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni òun ń kọ́kọ́ wò kí òun tó sọdá ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ wo òsì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ohun tí èèyàn lè kọ́ dẹ́rẹ́bà ilẹ̀ wa, ẹ ní kó lọ bi àwọn àgbà tí ọjọ́ yẹn ṣojú wọn. Ìjọba dá ọjọ́, ó yan àwọn tó máa dáhùn fún iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà sì ṣeé ṣe.

Ohun kejì tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1974 ni pé wọ́n dá Ghana Highway Authority sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn títì ńláńlá. Wọ́n tún dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1981 fún ọ̀nà oko, àti òmíràn ní 1988 fún ọ̀nà ìgboro. Ọdún 1988 yẹn náà ni òfin gbé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní District Assembly kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ ààbò ojú pópó dé ní 1999, òfin sì sọ ọ́ di National Road Safety Authority ní 2019. Ní 2018, wọ́n gé Oforikrom, Asokwa, Suame, Kwadaso àti Old Tafo kúrò lára Kùmásí, kálukú wọn di ìjọba ìbílẹ̀ tó dá dúró.

Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n para pọ̀ ṣe sí ẹnu àdúgbò. Títì ńlá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan. Ọ̀nà tó wọ àdúgbò jẹ́ ti òmíràn. Ọlọ́jà tó wà ní igun ń san owó fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìlanilọ́yẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn aláàbò ojú pópó. Ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé gan-an ni ojúṣe kálukú ti parí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Níbí, àwọn ejò wà láàyè nínú ọ́fíìsì, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ìyà ń jẹ. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2024 láti so àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ọ̀kan lè dín ìṣòro yìí kù, ṣùgbọ́n pátákó orúkọ tuntun lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kọ́ ni oníbodè.

Ẹ̀mí èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Láàárín 1994 sí 1998, nínú gbogbo àwọn tí ọkọ̀ pa ní Gánà, nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn èèyàn yìí ò wakọ̀, wọn ò wọkọ̀; ọjà, iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ.

Kí ni aráàlú máa ń ṣe? Àkọ́kọ́, wọ́n á kọ lẹ́tà, wọ́n á gbé e lọ fún aṣojú wọn ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí lẹ́tà kò bá lésì, tí ọkọ̀ sì tún pa ọmọ kan, àwọn ọ̀dọ́ á kó òkúta àti sìmẹ́ǹtì jọ, wọ́n á mọ bọ́ǹpù sójú títì lóru ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílùú Ìbàdàn àti l'Ékòó. Àwọn ẹnjiníà máa ń bínú sí irú bọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jàre. Kò sẹ́ni tó wọn gíga rẹ̀, kò ní ọ̀dà, kò ní àmì, ó lè gbé ọkọ̀ ṣubú lálẹ́, ó sì ń dá ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dúró. Síbẹ̀, lẹ́tà kejì ni bọ́ǹpù yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn lẹ́tà àkọ́kọ́.

Lẹ́tà kẹta ni iná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọkọ̀ pa akẹ́kọ̀ọ́ kan ní títì Madina sí Adenta ní Accra. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà sójú títì náà, tí wọn ò parí wọn. Àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n dáná sun táyà, wọ́n dí títì pa. Kò pẹ́ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú èèyàn á dùn pé wọ́n padà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi kọ́ aráàlú níbẹ̀ kò dára: pé lẹ́tà kì í ṣiṣẹ́, táyà tó ń jó ló ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n nílò kò ṣòro, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní Gánà níbẹ̀. Ní Suhum Junction, lójú ọ̀nà Accra sí Kùmásí, ibi tí jàǹbá ti wọ́pọ̀, wọ́n la àwọn ìlà gbágungbàgun tó ń mi táyà sójú títì. Francis Afukaar, onímọ̀ ní ilé ìwádìí BRRI tó wà ní Fumesua lẹ́bàá Kùmásí, kọ àbájáde rẹ̀: láàárín oṣù kìíní ọdún 2000 sí oṣù kẹrin ọdún 2001, jàǹbá dín kù ní nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ikú sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 55. Àjọ Ìlera Àgbáyé mú un ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ayé nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2004. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Àjọ yẹn kan náà ní bí ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu àgbàlagbà, ewu pé yóò kú kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ó bá ń sá 80, ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. 50 yẹn náà ni òfin Gánà fọwọ́ sí fún inú ìlú. Òfin wà, ìmọ̀ wà, àwọn onímọ̀ náà sì ń gbé lẹ́bàá ìlú.

Àwọn kan á ní ti ilẹ̀ Òyìnbó yàtọ̀. Kò yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Netherlands, ó lé ní 3,000 èèyàn tí ọkọ̀ pa ní 1971 nìkan, ó sì lé ní 400 ọmọdé nínú wọn. Àwọn òbí ló jáde sójú títì tí wọ́n ní kí wọ́n yé pa ọmọ àwọn. Ní 1976, òfin ibẹ̀ gba irú àdúgbò kan wọlé níbi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ rọra bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ohun tó yí ibẹ̀ padà ni pé ẹ̀hónú aráàlú di òfin, òfin sì ní ẹni tó ń dáhùn fún un.

Mo mọ àtakò tó wà níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà trotro yóò ní bí òun ò bá dúró lẹ́nu àdúgbò, òun ò ní rí èrò. Ìyá tó ń tajà ní igun yóò ní níbo ni kí òun gbé àtẹ òun lọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, a kò gbọ́dọ̀ fi ọlọ́pàá àti kóbókò yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sún ibùdókọ̀ síwájú díẹ̀ kúrò ní igun, èrò á tẹ̀ lé e, ọjà náà á sì tẹ̀ lé èrò. Ẹni tó mọ dẹ́rẹ́bà, tó mọ ọlọ́jà, tó sì mọ ilé tí ọmọ iléèwé ti ń jáde nìkan ló lè ṣètò ìyẹn láìsí ìjà. Kò sí ọ́fíìsì kankan ní Accra tó ní irú ìmọ̀ yẹn.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Gánà ti fún àdúgbò ní ìgbìmọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Unit Committee, àti aṣojú tí wọ́n dìbò yàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí di oníbodè. Kí wọ́n fún ẹnu àdúgbò kọ̀ọ̀kan tó já sí títì ńlá lórúkọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kí wọ́n máa kọ gbogbo jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sílẹ̀, èyí tó pani àti èyí tó kàn ṣeni léṣe. Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ títì jọ yan òṣìṣẹ́ kan fún ọ̀wọ́ ẹnu àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì rẹ̀ wà lára pátákó níbẹ̀, kí òfin sì dá iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi dáhùn lẹ́tà.

Asante ọdún 1817 kì í ṣe ìjọba tí ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ kó padà bó ṣe rí. Ẹrú wà níbẹ̀, àṣẹ ọba sì lè gba ẹ̀mí èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní òpópónà kan ní Kùmásí nígbà náà mọ ìjòyè tí yóò lọ bá bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Tafo tàbí Kwadaso lónìí, tó ń dìbò, tó ń san owó orí, kò yẹ kó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ?