Ìdílé Ìyá Nínú Àkọsílẹ̀ Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti ọdún 1837 títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ẹni tó bá gbéyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní láti dárúkọ bàbá rẹ̀ àti iṣẹ́ tí bàbá náà ń ṣe, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó béèrè ìyá. Ìyá lè jẹ́ òun nìkan ló tọ́ ìyàwó dàgbà, ó lè jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò ní wọ ìwé ìgbéyàwó àfi tó bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni òfin tuntun fi àyè ìyá kún un.

Ọ̀nà bàbá ni wọ́n là fún àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń tọpa ìdílé bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé orúkọ kan ṣoṣo láti ìran dé ìran. Ẹni tó ń tọpa ìdílé ìyá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: ní ìran kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ń yí padà, nítorí obìnrin tó bá wọlé ọkọ ti gba orúkọ ọkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, aya ilé kì í sọ oríkì ilé bàbá rẹ̀ nù, àwọn ìyàwó ilé á sì máa fi kì í títí ọjọ́ alẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí akọ̀wé kò bá kọ ilé bàbá obìnrin sílẹ̀ ní pàtó, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọmọ rẹ̀ má mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìwé ìjọ ló ṣáájú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1538, Thomas Cromwell, ẹni tí Ọba Henry Kẹjọ fi ọ̀ràn ìjọ lé lọ́wọ́, pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan, kí àlùfáà máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n sì fi ìwé náà pamọ́ sínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ méjì. Àwọn ará ìlú fura pé owó orí tuntun ni ọba ń wá, àwọn àlùfáà mìíràn sì ya ọ̀lẹ. Ní ọdún 1598 ni wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé awọ, kí ẹ̀dà kan sì máa lọ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Ẹ̀dà yìí ló ń ràn wá lọ́wọ́ lónìí níbi tí ìwé ìjọ fúnra rẹ̀ bá ti jẹrà tàbí jóná.

Ohun tó wà nínú wọn kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ àlùfáà kọ orúkọ ọmọ àti ti bàbá nìkan. Ẹni tó bá láàánú a fi orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kún un, ó parí síbẹ̀. Tí obìnrin bá kú, wọ́n á ní ìyàwó lágbájá ni, tàbí opó lágbájá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tí ìyá ti wá gbọ́dọ̀ fi ìrìbọmi sílẹ̀, kó lọ wá ìgbéyàwó. Òǹkọ̀wé Charles Dickens ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ìjọ St Mary ní Portsea, lẹ́bàá Portsmouth, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 1812. Ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ kò sí nítòsí ibẹ̀ rárá. Ìlú London ló wà, ní ìjọ St Mary-le-Strand, ní oṣù Kẹfà ọdún 1809, torí pé iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì tó ń san owó àwọn ọmọ ogun ojú omi ló gbé bàbá rẹ̀, John Dickens, lọ sí Portsmouth. Ìwé ìgbéyàwó ti London ló fi hàn pé Elizabeth Barrow ni ìyàwó náà ń jẹ́. Bàbá rẹ̀, Charles Barrow, wà ní ọ́fíìsì kan náà, ó kówó ìjọba jẹ, ó sì sá kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1810. Èyí kò sí nínú ìwé ìjọ kankan. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ Barrow ló mọ̀ pé ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi ló kàn láti yẹ̀ wò.

Ìwé ìgbéyàwó ìgbà Dickens ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nítorí òfin ọdún 1753 tí wọ́n ń pè ní òfin Hardwicke, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1754. Òfin náà ní ìgbéyàwó tí kò bá wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba kì í ṣe ìgbéyàwó, àfi ti àwọn Quaker àti àwọn Júù. Ọkọ, ìyàwó àti ẹlẹ́rìí méjì ní láti fọwọ́ síwèé; ẹni tí kò mọ̀wé kọ á fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Àwọn ẹlẹ́rìí yìí ṣe pàtàkì fún ìdílé ìyá ju bí wọ́n ti rí lójú lọ, nítorí àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àṣà sì ni pé ìjọ ìyàwó ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, tó fi jẹ́ pé ibi ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí ilé tí obìnrin ti jáde.

Ní agbègbè York, ẹnìkan gbìyànjú àtiṣe ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ William Dade bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìrìbọmi lọ́nà tó kún: orúkọ bàbá ọmọ àti iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ìyá, lẹ́yìn náà orúkọ bàbá ìyá, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú tó ń gbé. Ní ọdún 1777, Archbishop William Markham ní kí gbogbo ìjọ tó wà lábẹ́ òun ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àlùfáà tí ìjọ wọn lérò púpọ̀ ráhùn pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì dá a láṣà. Lẹ́yìn èyí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin ọdún 1812, tó fi fọ́ọ̀mù títẹ̀ kan ṣoṣo sí gbogbo ìjọ lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1813: orúkọ ọmọ, orúkọ tí bàbá àti ìyá ń jẹ́, orúkọ ìdílé kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì, ibùgbé, iṣẹ́ bàbá. Àwọn òǹkọ̀tàn a máa yin fọ́ọ̀mù yìí nítorí ó mú kí ìwé gbogbo ìjọ bára mu. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pa iṣẹ́ Dade rẹ́, ó sì sé ọ̀nà ìdílé ìyá mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1837 ni ìjọba gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales sí agbègbè, wọ́n yan akọ̀wé sí ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà gbogbo ìwé sì ń lọ sí ọ́fíìsì àgbà ní London. Ó yẹ kí a wo ìwé-ẹ̀rí ìbí náà dáadáa. Ìlà kan ṣoṣo ni ọmọ ní, wọ́n sì pín in sí àyè àyè láti òsì lọ sí ọ̀tún: ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i, orúkọ rẹ̀, akọ tàbí abo, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, iṣẹ́ bàbá, ẹni tó wá fi ìbí náà tó akọ̀wé létí àti ibi tó ń gbé, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, orúkọ akọ̀wé. Ní àyè ìyá, wọn kì í kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á ní báyìí ló ń jẹ́, báyìí ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó bá ti lọ́kọ kan rí kó tó fẹ́ èyí tó bí ọmọ fún, orúkọ mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀. Àyè kékeré yìí ló gba ìdílé ìyá là. Orúkọ tí ìyá ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni a óò fi wá ìgbéyàwó rẹ̀, ìgbéyàwó á fi bàbá rẹ̀ hàn, bàbá àti orúkọ náà á jẹ́ kí a rí ìbí rẹ̀, ìbí rẹ̀ á sì fún wa ní orúkọ tí ìyá tirẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìran kan ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni ìwé atọ́ka. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tò ó, orúkọ ìdílé ọmọ, orúkọ ọmọ àti agbègbè ló sì wà nínú rẹ̀. Ìdajì kejì ọdún 1911 ni orúkọ ilé bàbá ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìwé atọ́ka ìbí. Fún gbogbo ìgbà tó ṣáájú, ẹni tó ń wá ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wọ́pọ̀ á máa sanwó ìwé-ẹ̀rí kan tẹ̀ lé òmíràn títí yóò fi kan èyí tí í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 2016, ọ́fíìsì àgbà náà gbé atọ́ka tuntun jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó fi orúkọ ilé bàbá ìyá sí ìbí láti 1837. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mọ orúkọ ilé bàbá àti ti ìyá lè kó gbogbo ọmọ ìdílé kan jọ níjókòó kan, títí kan àwọn tó kú ní kékeré tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wọn mọ́.

Ní atọ́ka tuntun yìí, àyè ìyá lè ṣófo. Bó bá ṣófo, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ìyá kò lọ́kọ, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ náà sì ni ọmọ ń jẹ́. Òfin ọdún 1874, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1875, sọ pé akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ orúkọ bàbá ọmọ tí a kò gbéyàwó bí, àfi kí bàbá náà bá ìyá wá, kó sì fọwọ́ síwèé. Akọ̀wé kì í béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹni, nítorí náà àwọn obìnrin kan wí pé àwọn lọ́kọ, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìjọba ni, ṣùgbọ́n ẹnu ènìyàn ló ti jáde.

Ìdílé ìyá Samuel Coleridge-Taylor, akọrin-sílẹ̀ tí ayé mọ̀ fún Hiawatha's Wedding Feast, fi èyí hàn kedere. Holborn ní London ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ọdún 1875. Bàbá rẹ̀, Daniel Peter Hughes Taylor, ọmọ Sierra Leone tó wá kọ́ṣẹ́ dókítà, ti padà sí Áfíríkà kí wọ́n tó bí i, kò sì mọ̀ pé oyún wà. Ìwé ìtàn ayé Samuel tó kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1915, kò tú u fó pé àwọn òbí rẹ̀ kò gbéyàwó. Àwọn tó yẹ ìwé ìjọba wò lẹ́yìn náà ló tú u. Wọ́n tún rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ta kókó. Alice Hare Martin ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1856 ni wọ́n bí i, àwọn òbí tirẹ̀ náà kò sì gbéyàwó. Orúkọ Martin ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n Benjamin Holmans ni bàbá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó ń kan irin mọ́ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin, tó ní ìyàwó mìíràn nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìbí Alice lábẹ́ Holmans á wá a tì. Ilé Holmans yìí ni Alice àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, bàbá àgbà náà ló sì kọ́kọ́ fi fáólìn lé ọmọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1887, Alice fẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ń jẹ́ George Evans ní Croydon, orúkọ rẹ̀ sì tún yí padà. Obìnrin kan, orúkọ ìdílé mẹ́ta: Martin nínú ìwé, Holmans nínú ilé, Evans lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó wà láyé di 1953, ó fi ogójì ọdún ó lé pẹ́ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìkànìyàn wúlò fún jù, nítorí ìkànìyàn ń ka ẹni tó sùn sí ilé lóru ọjọ́ náà, ì báà gbéyàwó, ì báà má gbéyàwó. Ti 1841 ló kọ́kọ́ tọ́jú orúkọ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ré ọjọ́ orí àwọn àgbà sílẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún, wọn kò sì béèrè ìlú tí a ti bí wọn. Láti 1851 ni wọ́n ti ń kọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí olórí ilé. Níbẹ̀ ni ìyá ìyàwó, ọmọ ọmọ àti àbúrò ìyàwó ti ń yọjú, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó yàtọ̀ sí ti olórí ilé. Ní 1911, wọ́n bi àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ pé ọdún mélòó ni ìgbéyàwó wọn, ọmọ mélòó ni wọ́n bí láàyè, mélòó ló kù, mélòó ló kú. Ìwé tí olórí ilé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà. Àwọn opó kan dáhùn ìbéèrè tí kò kàn wọ́n, akọ̀wé fa ìlà sórí ìdáhùn wọn, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà.

Ìwé ìhágún kò fi bẹ́ẹ̀ ran obìnrin lọ́wọ́, nítorí kí òfin ọdún 1882 tó dé, obìnrin tó wà nílé ọkọ kò lè pín ogún láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i. Ìwé ìhágún bàbá rẹ̀ ló yẹ kí a wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ ọmọbìnrin pẹ̀lú orúkọ ọkọ tó fẹ́. Àwọn ilé ẹjọ́ ìjọ ló ń tọ́jú wọn títí di oṣù Kìíní ọdún 1858, kí ìjọba tó gbà á.

Ní ti ìkànìyàn, lẹ́yìn ti 1921 ni ọ̀nà dí. Iná jó gbogbo ìwé ìkànìyàn 1931 ní Hayes ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, ogun kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe ti 1941. Ohun tó dí àlàfo náà ni ìwé tí wọ́n fi orúkọ gbogbo ará ìlú sí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ètò ìlera ìjọba lo ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, ìgbàkígbà tí obìnrin bá sì lọ́kọ, akọ̀wé á fa ìlà sórí orúkọ àtijọ́, á kọ tuntun sí òkè rẹ̀. Lójú ewé kan, a lè rí orúkọ tí ọmọdébìnrin ń jẹ́ ní 1939 àti èyí tó ń jẹ́ lẹ́yìn náà nílé ọkọ. Ìkànìyàn tó tẹ̀ lé e, ti 1951, kò ní ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú títí di ọdún 2052.