Ibi Tí Wárápá Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí wárápá bá gbé ènìyàn lójú ọ̀nà, àwọn tí ń sá fún itọ́ rẹ̀ a máa pọ̀ ju àwọn tí yóò gbé orí rẹ̀ kúrò lórí òkúta lọ. Bẹ́ẹ̀, àìsàn náà kì í ràn. Iná mànàmáná tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ń ru sókè lójijì, ti ẹlòmíràn a sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo. Bí oògùn kò bá ran irú ẹni bẹ́ẹ̀, a lè gé ojú kan náà kúrò, bí a bá mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1886, ní London, Victor Horsley ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan tí ó ti fi orí pa nígbà tí ó wà ní kékeré. Àpá orí rẹ̀ àti ẹ̀yà ara tí ó kọ́kọ́ máa ń gbọ̀n ni ó júwe ibẹ̀. Ẹni tí kò ní àpá ńkọ́?

Jámánì ni ìdáhùn ti wá. Ní 1924, ní ìlú Jena, Hans Berger fi ẹ̀rọ ka iná inú ọpọlọ ènìyàn. Ọdún márùn-ún ni ó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1929, síbẹ̀ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ìgbà tí Adrian àti Matthews rí ohun kan náà ní Cambridge ní 1934 ni wọ́n tó gbà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Frederic Gibbs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi hàn pé bí wárápá bá dé, ìlà tí ẹ̀rọ náà ń fà sórí bébà a máa yọ ṣóńṣó bí ẹ̀gún.

Wilder Penfield àti Herbert Jasper wá pa ẹ̀rọ àti ọ̀bẹ pọ̀ ní Montreal. Ojú aláìsàn a là sílẹ̀, a sì máa sọ̀rọ̀, nítorí ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Dókítà a fi iná kékeré kàn án níhìn-ín lọ́hùn-ún, kí ó má baà gé ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ti ń wá.

Ṣùgbọ́n ní 1953, ní Hartford ní Amẹ́ríkà, William Scoville gé lára ọpọlọ Henry Molaison, ẹni ọdún 27, lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí ẹ̀rọ kò tọ́ka sí ojú kan pàtó. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wúwo sí jù. Wárápá náà dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tuntun kò dúró lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ tán, tí ó jáde, tí ó sì padà wọlé, àlejò ni lójú rẹ̀. Báyìí ni ó wà títí ó fi kú ní 2008.

Níbi tí a bá ti rí ojú náà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 2001, àwọn dókítà ìlú London ti Canada gbé àbájáde ìwádìí lórí 80 aláìsàn jáde. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a yàn fún iṣẹ́ abẹ, ó tó 58 tí wárápá tí ń gba iyè ènìyàn kò gbé mọ́. Nínú àwọn tí ń lo oògùn nìkan, 8 ni.