Ìmọ́lẹ̀, Aṣọ Ẹ̀yìn àti Àtúnṣe Ojú Nínú Iṣẹ́ Fọ́tò Nílẹ̀ Yorùbá

Láti ìgbà tí àwọn òpìtàn ti ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ láti ara ògiri pálọ̀ àti inú àpótí àwọn àgbà ni a ti ń mú un bí ẹlẹ́rìí tí kì í parọ́. Èrò tí ó wà nídìí èyí ni pé kámẹ́rà kò mọ ojúsàájú. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán tí onífọ́tò yà ṣe ẹ̀rí ìtàn ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí onífọ́tò náà fi ìmọ́lẹ̀, aṣọ ẹ̀yìn àti pẹ́ńsù ṣe kí àwòrán tó dé ọwọ́ oníbàárà.

Àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù lọ ni ti ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó rí i pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì mọ́ àwọn agbẹ́gilére lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá kú kí a tó yà wọ́n pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tí yóò fi dà bí ẹni pé ọmọ méjì ni ó jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó kù, a ó yà á. A ó sì tún wọ aṣọ obìnrin fún un, a ó tún yà á. Iṣẹ́ tí ó kù fún onífọ́tò ni kí ó fi ọgbọ́n bo ojú ibi tí àwòrán méjèèjì ti pàdé, kí ìlà má baà hàn láàárín.

Aṣèwádìí tí ó bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ méjì ni ìyá wọn tọ́ dàgbà, ti ṣìnà. Ẹni tí ó bá sì pè é ní irọ́ ti ṣìnà jù ú lọ. Ìyá tí ó gbé fọ́tò náà kọ́ ara ògiri mọ̀ dájú pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó jókòó níwájú kámẹ́rà. Ohun tí fọ́tò náà ń jẹ́rìí sí ni pé a ṣì ń ka Táyéwò àti Kẹ́hìndé pọ̀, ikú ìbáà mú ọ̀kan lọ. Ohun tí ère ń sọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ìlànà ère gbígbẹ́ yìí kan náà ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìyókù iṣẹ́ onífọ́tò. Nínú ìwádìí Robert Farris Thompson tí ó jáde ní 1973, lára ohun tí àwọn Yorùbá fi ń mọ ère tí ó dára ni jíjọra, èyí tí í ṣe pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀nba, kì í ṣe kí ó jọ ọ́ tán. Ìfarahàn, kí ẹ̀yà ara hàn kedere. Àti ọ̀dọ́, kí a gbẹ́ àgbàlagbà bí ẹni tí agbára ṣì wà lára rẹ̀.

Bí iná mànàmáná tilẹ̀ ti dé Èkó ní 1896, ọ̀pọ̀ ìlú ni kò rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Oòrùn ni onífọ́tò ń lò: a ta aṣọ sára ògiri ní àgbàlá, a gbé àga sí ìbòji, ẹni tí a fẹ́ yà a kọjú síwájú gan-an, a gbé ọwọ́ lé orúnkún, agbádá rẹ̀ a sì tẹ́ rẹrẹ. Ibi tí ìṣòro wà ni aṣọ funfun lára aláwọ̀ dúdú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tó fún ojú, ọnà ara aṣọ a pòórá. Bí a bá ro ti aṣọ, ojú a ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwo díńgí àti fíìmù àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àwọ̀ pupa, èyí tí ó mú kí àwọ̀ ara wa dúdú nínú fọ́tò ju bí ojú ṣe rí i lọ. (Àwọn baba ńlá wa kò dúdú tó bí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ṣe fi wọ́n hàn.)

Ìdí nìyí tí àtúnṣe fi wáyé. Lórí nẹ́gátíìfù, dúdú ni yóò di funfun nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nítorí náà, bí onífọ́tò bá fi pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín abẹ́ ojú lórí nẹ́gátíìfù, ìhunjọ a parẹ́. Bí ó bá fi ẹnu ọ̀bẹ họ ibì kan, ibẹ̀ a dúdú sí i. Àwọn kan rí èyí bí afẹ́ lásán, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe àléébù fíìmù, apá kejì sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí Thompson sọ. Ewu rẹ̀ fún òpìtàn kò kéré. Pẹ́ńsù tí ó lè pa ìhunjọ rẹ́ lè pa ilà ojú tí kò jinlẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, àìsí ilà lójú ẹnì kan nínú fọ́tò kò tó láti fi jiyàn pé kò kọlà, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ìran tí ó ti wá.

Ní ti aṣọ ẹ̀yìn, kò sọ ibi tí ènìyàn ń gbé, ṣùgbọ́n ó lè sọ ìgbà. Níbi tí kò bá sí ọjọ́ lẹ́yìn fọ́tò, ó yẹ kí a wo àpẹẹrẹ Seydou Keïta ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali. Ó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948, aṣọ ibùsùn rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ díẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ rẹ̀, aṣọ wọ̀nyí ni òun fúnra rẹ̀ sì fi ń dá ọdún tí ó ya àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹni tí ó bá to fọ́tò ilé onífọ́tò kan jọ ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan kò tó. Orí nẹ́gátíìfù ni ojú pẹ́ńsù àti ojú ọ̀bẹ wà. Lórí ìwé, wọ́n ti fara sin. Nẹ́gátíìfù Solomon Osagie Alonge (1911–1994), tí ó ṣí Ideal Photo Studio ní ìlú Benin ní 1942, wà ní ìpamọ́ ní Smithsonian ní Washington, níbi tí a ti ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014. Nílẹ̀ Yorùbá, fọ́tò ara ògiri ni àwọn akójọ wa sábà máa ń wá, wọn kì í béèrè páálí nẹ́gátíìfù tí ó wà lábẹ́ tábìlì onífọ́tò.