Ewéko Àtẹ́lẹ̀ Inú Àkúéríọ̀mù: Láti Àgọ́ Jẹ́bà dé Post Office Ìlọrin

Àdúgbò Post Office ní Ìlọrin gba orúkọ rẹ̀ lára ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó dé ìlú náà rárá ni ọ̀nà tó gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá ti jẹ́ ọ̀nà tí àwọn òyìnbó kan tó há sí etí Odò Ọya ń gbà dé Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn tó há síbẹ̀ ni Charles Barter, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko kan tí àwọn olùtọ́jú àkúéríọ̀mù, ìyẹn àpótí onígíláàsì tí a ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ àti ewéko inú omi sí, ń gbìn káàkiri ayé lónìí.

Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Barter ti kọ́ṣẹ́, kí ó tó bá William Balfour Baikie àti Samuel Àjàyí Crowther wọ ọkọ̀ Dayspring gòkè Odò Ọya ní ọdún 1857. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ yìí forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ibi tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí Ìlọrin, ó sì fọ́, tí àwọn èrò inú rẹ̀ fi pàgọ́ sí etí odò fún bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó dé bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, John Glover, tó padà di alákòóso Èkó, ni ó ń la ilẹ̀ Yorùbá já láti lọ wá ohun tí wọn yóò lò. Barter ní tirẹ̀ ń já ewé, ó ń sá wọn gbẹ, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Kew, títí ó fi kú ní Rábà ní oṣù keje ọdún 1859, láìdé ilé mọ́. Ní ọdún 1860 ni Heinrich Schott, onímọ̀ ewéko ní Vienna, sọ ewéko kan ní Anubias barteri ní ìrántí rẹ̀. Bèbè odò inú igbó kìjikìji ni ewéko yìí ń hù sí, títí kan ti gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Jẹ́bà. Ẹ̀yà rẹ̀ tó kúrú, tí wọ́n ń pè ní nana, ni Engler, onímọ̀ ewéko, ṣàpèjúwe ní ọdún 1899, tí olùwádìí kan, Crusio, sì fi sábẹ́ barteri ní ọdún 1979.

Ní àkókò tí Barter wà láyé gan-an ni títọ́jú àkúéríọ̀mù bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Robert Warington fi hàn ní ọdún 1850 pé ẹja, ìgbín omi àti ewéko lè jọ gbé inú omi kan náà tí omi náà kò ní bàjẹ́, nítorí pé ewéko ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́ tí yóò mí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó yí ojú ayé padà sí ewéko inú àpótí ni Takashi Amano, ará Japan tó kú ní ọdún 2015, ẹni tó fi Glossostigma, ewéko kékeré láti Ọsirélíà àti New Zealand, tẹ́ gbogbo iwájú àpótí bí kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Holger Windeløv, ará Denmark, mú ewéko àtẹ́lẹ̀ mìíràn tí ewé rẹ̀ kéré gan-an wá láti Kúbà. Iṣẹ́ Amano lẹ́wà, ìyìn sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n irú ewéko àtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè iná tó mọ́lẹ̀ gidi, kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, ìyẹn gáàsì tí ewéko fi ń ṣe oúnjẹ, tí wọ́n ń tú sínú omi láti inú sílíńdà, àti omi tí kò gbóná.

Ní Ìlọrin, níbi tí ooru ọ̀sán oṣù kẹta ti ń kọjá 35°C, tí iná mànàmáná kò sì dúró, ewéko tí Barter fi orúkọ sílẹ̀ fún ni ó yẹ kí ẹni tó ń gbé ní àyíká Post Office kọ́kọ́ yàn. Ó ń fara da iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, kò béèrè sílíńdà, ẹja púpọ̀ kì í sì í jẹ ewé rẹ̀ nítorí pé ó le. Bí a bá fẹ́ kí ó bo iwájú àpótí, a ó fi òwú so ìdì rẹ̀ kéékèèké mọ́ òkúta pẹlẹbẹ, a ó sì to àwọn òkúta náà súnmọ́ ara wọn. Igi ìdí rẹ̀ tó nípọn, èyí tí ewé àti gbòǹgbò ti ń yọ, kò gbọdọ̀ wọ inú iyanrìn, nítorí yóò jẹrà. Sùúrù ṣe pàtàkì, torí pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ewé kan ṣoṣo tó yọ. Ẹni tó bá sì ní ojú oró lójú omi àpótí rẹ̀ ní láti máa dín in kù, kí ó má baà dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ewéko tí a bá gé kúrò nínú àpótí kò gbọdọ̀ dé inú odò Àsà tó gba inú Ìlọrin kọjá. Ewéko olódòdó kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn ti ń gbìn fún ẹwà káàkiri ayé, wọ ọ̀sà Badagry ní ọdún 1984, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àti àwọ̀n apẹja. Kí olúkúlùkù sá tirẹ̀ sí oòrùn kí ó gbẹ, kí ó tó dà á nù.