Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alájílẹ̀ inú ọkọ̀ ojú omi

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í lo omi ni èyí. A máa ń rí i nínú ọkọ̀ tóóró tí àwọn èèyàn fi ṣe ilé lórí odò àtọwọ́dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtọ̀ ń lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, ìgbẹ́ ń bọ́ sínú korobá, a ó sì fi lẹ́búlẹ́bú pákó bò ó. Àwọn kan ní kò sí bí kò ṣe ní rùn, ṣùgbọ́n àdàlù ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló ń fa òórùn jù; bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, tí fáànù kékeré sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta, òórùn á rọlẹ̀. Nítorí náà, kí ìtọ̀ má bàa kún àkúnya kó sì dà mọ́ ìgbẹ́, dída ìtọ̀ inú kẹ́ẹ̀gì nù lemọ́lemọ́ ni olórí ìtọ́jú rẹ̀. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí orúkọ “alájílẹ̀” ni pé ìgbẹ́ kì í di ajílẹ̀ nínú ọkọ̀: ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gbà kó tó jẹrà tán, orí ilẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti ń parí.